Dídá owó jọ, owó oṣooṣù, fífi hàn díẹ̀díẹ̀ tàbí píparí ní ìdákẹ́jẹ́: èwo ni kí oníṣẹ́ àtinúdá yàn?

Ẹni tó ní iṣẹ́ àtinúdá lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ìwé, orin, géèmù tàbí àwòrán, tí kò sì ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn tí yóò bá a polówó rẹ̀, kò ní pẹ́ dé ibi tí yóò ti yan ọ̀nà tí yóò gbà gbé e jáde. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi ara wọn níbẹ̀ ni pé ọ̀nà wo ló ń mú owó wá kíákíá jù. Ní tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: bí mo bá gba ọ̀nà yìí, kí ni mo máa jẹ àwọn ènìyàn, ọjọ́ wo sì ni gbèsè náà yóò tán? Gbogbo ọ̀nà tí a fi ń gbé iṣẹ́ síta ló ní ìlérí nínú. Ìlérí ti ọ̀kan tóbi, ó sì ní ọjọ́ tí a dá fún un. Ti òmíràn kéré, ṣùgbọ́n kò lópin. Òmíràn sì wà tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ tí ó so oníṣẹ́ mọ́ àkókò bí ẹni tí a so mọ́ agogo. Nítorí náà, irú gbèsè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá síni lọ́rùn ni mo fi ń wọn àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, nítorí pé ibi tí a ti ń san gbèsè yẹn ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń wá, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

## Ariwo àti ọ̀rọ̀ ẹnu

Kí a tètè yanjú ọ̀rọ̀ ariwo, torí òun ló máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ìpolówó ńlá lè mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbọ́ orúkọ iṣẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó mú wọn padà wá. Ẹni tí ariwo gbé wá ti gbé ìrètí dání, ìrètí tí olùpolówó gbìn sí i lọ́kàn, ìwọ oníṣẹ́ ni yóò sì bi léèrè bí ohun tó bá níbẹ̀ kò bá tó ohun tó gbọ́. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún yàtọ̀. Ó ti mọ irú nǹkan tí ọ̀rẹ́ yẹn máa ń fẹ́ràn, ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un kó tó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì ju báyìí lọ: “Mo ka orí méjì àkọ́kọ́, mi ò lè gbé e sílẹ̀.”

Ní ọdún 2008, Kevin Kelly, tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Wired, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn oníṣẹ́ àtinúdá ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ìṣirò rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ní olólùfẹ́ tòótọ́ 1,000, tí olúkúlùkù wọn ń ná 100 dọ́là lórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, 100,000 dọ́là nìyẹn, ó sì tó o jẹun. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún, ìdí nìyẹn tí ìṣirò náà fi tètè wọ ènìyàn létí. Àmọ́ ó yẹ kí a ṣọ́ra fún un díẹ̀. Ó gbà pé owó náà ń dé ọwọ́ oníṣẹ́ tààrà láìsí alágbàtà láàárín, ó sì gbà pé oníṣẹ́ náà ní ọjà tó tó 100 dọ́là láti tà fún ẹnì kan náà lọ́dọọdún. Olórin tó ń ṣe àwo, tó ń ṣeré lójú agbo, tó sì ń ta aṣọ lè ní in. Òǹkọ̀wé tí ìwé kan ń gbà ní ọdún mẹ́ta kò ní in, bó sì ṣe wù kí àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀ tó, ìwé kan náà ni wọ́n lè rà.

## Dídá owó jọ ṣáájú iṣẹ́, àti gbígba owó oṣooṣù

Dídá owó jọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá. Ní ọdún 1885, nígbà tí owó kò tó láti parí ìpìlẹ̀ tí Ère Òmìnira yóò dúró lé ní New York, Joseph Pulitzer fi ìwé ìròyìn rẹ̀ bẹ àwọn òǹkàwé. Láàárín oṣù márùn-ún, owó tó ju 100,000 dọ́là lọ ti wọlé láti ọwọ́ àwọn tó ju 120,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò san tó dọ́là kan. Ohun tí Pulitzer fi san oore wọn ni pé ó ń tẹ orúkọ olúkúlùkù sínú ìwé ìròyìn, bó ti wù kí ohun tó mú wá kéré tó. Gbèsè tó jẹ wọ́n kò ju ìyẹn lọ, ojú gbogbo ayé ló sì ti ń san án.

Àwọn ojú òpó tí a ń lò lónìí fi nǹkan kún un. Kickstarter tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ní òfin pé bí iye tí oníṣẹ́ bèèrè kò bá pé títí di ọjọ́ tó dá, a kì í yọ owó kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Patreon, tí olórin kan tó ń jẹ́ Jack Conte wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2013, gba ọ̀nà mìíràn: olólùfẹ́ ń san owó kékeré lóṣooṣù, kì í ṣe fún iṣẹ́ kan pàtó, bí kò ṣe fún oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀dá méjì ni wọ́n. Dídá owó jọ dà bí ẹni tó gba àsansílẹ̀ owó ilé kíkọ́. Owó oṣooṣù dà bí iṣẹ́ tí a gbà tí kò ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe é kí ó lè hàn. Ká ní òǹkọ̀wé kan rí 400 ènìyàn tí olúkúlùkù san 25 dọ́là fún ìwé aláwòrán kan lórí Kickstarter. 10,000 dọ́là ni lójú. Ojú òpó náà yóò yọ ìdá 5 nínú 100, èyí jẹ́ 500. Àwọn tó ń bá wọn gba owó lórí káàdì yóò yọ ìdá 3 nínú 100 àti 20 sẹ́ǹtì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ 380. Ó ku 9,120. Bí títẹ ẹ̀dà kan bá jẹ́ dọ́là 9, 3,600 ti lọ. Bí fífi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ bá jẹ́ dọ́là 7, 2,800 tún ti lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sí òǹkọ̀wé náà lọ́wọ́ ni 2,720 dọ́là, kí a tó sọ̀rọ̀ owó orí. Bí owó ìfiránṣẹ́ bá wá fi dọ́là 3 péré gòkè lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láàárín ìgbà tó gba owó àti ìgbà tó fi ìwé ránṣẹ́, 1,520 ló kù. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó “yọrí sí rere” ti máa ń rì: 10,000 ni gbogbo ayé rí, 10,000 náà ni wọ́n sì ń retí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó oṣooṣù, ká ní 200 ènìyàn ń san dọ́là 5, èyí jẹ́ 1,000 dọ́là lóṣù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìdá 10 nínú 100 ni Patreon ń yọ lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ìsanwó káàdì. Ìdá 10 náà ni Substack, tó wà fún àwọn òǹkọ̀wé lẹ́tà orí ímeèlì, ń yọ. Owó tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí a fẹ́ tẹ̀, kò sí àpótí tí a fẹ́ dì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìlérí méjìlá lọ́dún. Oṣù tí ara oníṣẹ́ kò yá ń bọ̀, oṣù tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ń bọ̀, owó yóò sì wọlé ní àwọn oṣù yẹn bí ti ìyókù. Mo ti rí àwọn tó dá ìsanwó dúró fún oṣù kan, tí wọ́n kọ ọ́ síta pé àwọn kò ní nǹkan láti fi hàn lóṣù yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sanwó. Àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn kò sá lọ. Ẹni tó máa ń pàdánù wọn ni ẹni tó fi àwòrán àtijọ́ mẹ́ta dí àlàfo, tó sì rò pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ẹni tó ń san owó kékeré máa ń ṣàkíyèsí ju bí a ṣe rò lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Patreon kéde pé òun yóò gbé owó ìsanwó káàdì lé orí àwọn olólùfẹ́: ìdá 2.9 nínú 100 pẹ̀lú 35 sẹ́ǹtì lórí ìlérí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fún oníṣẹ́ mẹ́wàá ní dọ́là kọ̀ọ̀kan rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé dọ́là 10 òun ti fẹ́ di nǹkan bí 14, ọ̀pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó wọn yọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ilé iṣẹ́ náà fi tọrọ àforíjì, tó sì fagi lé e. Oníṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdánù owó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń yan ojú òpó: lójú olólùfẹ́, ìwọ ni gbogbo ohun tí ojú òpó náà bá ṣe.

Ewu tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù nínú dídá owó jọ ni pé kí oníṣẹ́ gba owó kó má ṣe iṣẹ́. Ní 2015, Ethan Mollick ti Yunifásítì Pennsylvania bi àwọn tó ju 47,000 lọ tí wọ́n ti sanwó lórí Kickstarter léèrè, ó sì rí i pé ìdá 9 nínú 100 àwọn iṣẹ́ tí owó wọn pé ni kò mú ohun tí wọ́n ṣèlérí wá. Nínú mọ́kànlá, ọ̀kan nìyẹn. Èmi gan-an ti sanwó sórí ìwé kan báyìí rí. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo rí gbà ní oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìwé náà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, ó sì dára. Síbẹ̀ nígbà tí òǹkọ̀wé kan náà tún gbé òmíràn jáde, mi ò yà sí i. Pípẹ́ kọ́ ló dùn mí; oṣù méjìlá tí mo fi rò pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni mi ò lè gbàgbé.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ní ìhà tó dára ni ti Brandon Sanderson, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tó dá owó jọ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 tí iye rẹ̀ ju 41 mílíọ̀nù dọ́là lọ láti ọwọ́ àwọn tó ju 185,000 lọ. Ẹ gbàgbé iye owó náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kó òǹkàwé jọ kó tó di ọjọ́ yẹn. Ohun tó yẹ kí a wò ni ètò tó tẹ̀ lé: ìwé ìtàn mẹ́rin tó fẹ́ kí wọ́n sanwó fún ló ti kọ tán kó tó là ẹnu. Títẹ̀ àti fífi ránṣẹ́ ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá dá owó jọ fún títẹ iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ jẹ gbèsè tí a lè kà. Ẹni tó dá owó jọ láti ronú ohun tí yóò ṣe jẹ gbèsè tí òun alára kò mọ bó ṣe gùn tó.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kù níbí. Àwọn ojú òpó kan wà tí wọ́n ń jẹ́ kí oníṣẹ́ mú iye yòówù tó bá wọlé, kódà bí kò bá pé. Indiegogo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di àṣà. Ó dà bí àánú, ṣùgbọ́n ẹni tó nílò 8,000 dọ́là láti tẹ ìwé, tó sì mú 2,500 tó rí, ti di onígbèsè tí kò ní ohun tí yóò fi san án. Àyàfi bí iṣẹ́ náà bá ṣeé dín kù, bíi kí a gba orin méjì sílẹ̀ dípò mẹ́jọ, tí a sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, èmi yóò ní kí ẹni tí mo fẹ́ràn gba ọ̀nà kó pé tàbí kó má wọlé rárá.

## Fífi hàn díẹ̀díẹ̀, àti píparí ní ìdákẹ́jẹ́

Àwọn méjì yìí ni kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣáájú, àwọn náà ni mo sì gbà pé ó yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Fífi iṣẹ́ hàn ní ìpín kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ láyé. Bí Charles Dickens ṣe gbé ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nìyẹn láti 1836 sí 1837, ìpín kan lóṣù, ṣílè kan ní owó rẹ̀. Àwọn ìpín àkọ́kọ́ kò tà tó nǹkan. Nígbà tí yóò fi parí, nǹkan bí 40,000 ẹ̀dà ni wọ́n ń tẹ̀ lóṣù. Kì í ṣe ìpolówó ló ṣe é. Ẹni tó ka ìpín kẹrin fún ẹlòmíràn ló mú kí ẹni yẹn wá ra ti ìkarùn-ún, díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ti ayé òde òní tó sún mọ́ wa jù ni ti Andy Weir, ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tó ń gbé ìtàn kan nípa ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars sí ojú òpó ara rẹ̀, orí kan lẹ́yìn èkejì, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òǹkàwé tó mọ ìmọ̀ kẹ́mísírì ń kọ̀wé sí i pé ìṣirò ibi báyìí kò tọ́, ó sì ń tún un ṣe. Nígbà tó parí, àwọn kan bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ti ilé ìtajà Amazon, kó lè rọrùn láti kà. Ní 2011, ó fi síbẹ̀ ní 99 sẹ́ǹtì, nítorí pé Amazon kò gbà kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ rà á, ẹni tó ti bá a tún ìṣirò ṣe ló sì ń sọ fún ẹlòmíràn. Ènìyàn kì í polówó iṣẹ́ tó lọ́wọ́ sí bí ẹni tí a háyà. Bí ẹni tó ní i ló ṣe ń sọ ọ́.

Gbèsè ọ̀nà yìí ni àkókò. Bí o bá sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ Ẹtì ni kó jẹ́. Ìpín kúkúrú tó dé lọ́jọ́ rẹ̀ níye lórí ju ìpín gígùn tó dé nígbà tó wù ú lọ, nítorí pé ohun tí òǹkàwé ń kọ́ nípa rẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í ṣe bí o ṣe mọ iṣẹ́ tó, bí kò ṣe bóyá a lè dúró dè ọ́. Bí o bá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ máa ń dí, kọ ìpín mẹ́fà tán kí o tó fi ìkíní síta.

Ẹni tó yàn láti parí ní ìdákẹ́jẹ́ ńkọ́? Eric Barone lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ lórí géèmù oko dídá kan, òun nìkan ló kọ ọ́, òun ló yàwòrán rẹ̀, òun ló ṣe orin inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ ẹni tó ń fi ìjókòó han àwọn òǹwòran ní gbọ̀ngàn eré kan nígbà yẹn. Wọ́n ń béèrè pé kó tà á láìtíì parí, ó kọ̀. Ó ní òun kò ní gba owó ẹnikẹ́ni títí yóò fi pé bí òun ṣe fẹ́. Nígbà tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2016, ó ta ju mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lọ ní nǹkan bí oṣù méjì. Àmọ́ àwọn tó máa ń sọ ìtàn yìí máa ń fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Barone kò dákẹ́ pátápátá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló ń fi àwòrán ibi tó dé hàn, tó sì ń dá àwọn tó bèèrè lóhùn. Owó ni kò gbà. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọdún mẹ́rin láìsọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni yóò jáde bá ìta tó ṣófo, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ. Ẹni tó da omi síwájú ní ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì, ìyẹn títa iṣẹ́ tí kò tíì parí ní owó pọ́ọ́kú. Markus Persson bẹ̀rẹ̀ sí í ta géèmù Minecraft báyìí ní 2009, ọdún méjì kó tó pe iṣẹ́ náà ní pípé ní oṣù Kọkànlá 2011. Ẹni tó tètè rà á san owó tó kéré, ó sì ń gba gbogbo àtúnṣe tó tẹ̀ lé e láìsan òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló mú kí èyí dára: ohun tí wọ́n rà ṣeé ṣeré lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni bó ṣe wà lónìí kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí. Ìdí nìyẹn tí ó fi bá géèmù àti ètò kọ̀ǹpútà mu, tí kò sì fi bá ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mu rárá.

## Níbo ni kí àwọn ènìyàn rẹ wà: ìkànnì ńlá tàbí àkójọ ímeèlì?

Ọ̀nà yòówù kí o yàn, o ní láti ní ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ yóò ti máa kan àwọn ènìyàn. Ìkànnì ńláńlá dára fún kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí kàn ọ́. Kò dára fún ìlérí, nítorí pé bí 5,000 ènìyàn bá ń tẹ̀ lé ọ níbẹ̀, ẹlòmíràn ló ń pinnu iye wọn tí yóò rí ohun tí o kọ lónìí, ìpinnu yẹn sì lè yí lọ́la láìsọ fún ọ. Àkójọ ímeèlì kì í tètè dàgbà, kì í sì í dùn ún wò, ṣùgbọ́n tìrẹ ni. Bí ojú òpó tí o fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ bá yí òfin rẹ̀ padà, o lè kó àwọn orúkọ náà lọ sí ibòmíràn, bí Substack àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ṣe gbà á láàyè.

Fún àwọn olórin, Bandcamp, ojú òpó tí a ti ń ta orin, ń jẹ́ kí ẹni tó ra orin fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ fún olórin bó bá fẹ́. Ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lórí orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdá 10 lórí àwo àti aṣọ. Bí a bá fi orin kan náà sí ojú òpó tí a ti ń gbọ́ ọ láìrà á, owó tó ń wọlé lórí gbígbọ́ kan kò tó nǹkan, o kò sì ní mọ ẹni tó gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ máa ń lo méjèèjì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, bí o bá ti mọ̀ pé ọ̀kan wà fún kí wọ́n lè gbọ́ ọ, èkejì fún kí o lè mọ̀ wọ́n.

## Lẹ́tà méjì

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ ni a ń mọ ọ̀nà tí oníṣẹ́ yàn ní ti gidi. Ká ní ìwé aláwòrán tí mo ṣírò lókè yìí ti pẹ́. Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ nìyí:

“Ẹ kú ìfaradà o, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa! Iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu, ohun ìyanu sì ń bọ̀ lọ́nà tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ máa fojú sọ́nà!”

Èyí tí ó yẹ kó kọ nìyí:

“Mo sọ fún yín pé ìwé yóò dé ọwọ́ yín ní oṣù kẹfà. Kò ní ṣeé ṣe. Ẹ̀dà àyẹ̀wò tí ilé ìtẹ̀wé fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá dúdú jù láti ojú ìwé 31 dé 46, ojú àwọn ọmọdé inú àwòrán náà kò hàn, mo sì ti dá a padà. Òmíràn yóò dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tuntun tí mo dá ni ìparí oṣù kẹjọ. Mo ti san ìdajì owó ìtẹ̀wé, ìdajì kejì àti owó ìfiránṣẹ́ ṣì wà ní báńkì. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kó dá lẹ́tà yìí lóhùn kí oṣù yìí tó parí. Àwòrán ojú ìwé 31 nìyí, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i.”

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dùn létí, ó sì kí ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí òǹkàwé lè fi mú ẹni tó kọ ọ́. Èkejì ní ọjọ́, ní ojú ìwé, ní ibi tí owó wà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ẹni tí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún báyìí kì í sábà jáde. Ohun tó tún wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kó fò wá ni pé lẹ́tà kejì ṣòro láti kọ fún ẹni tó fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti pe iṣẹ́ náà ní “ìwé tí yóò yí ayé padà” ní oṣù kìíní, ẹnu rẹ kò ní lè sọ ní oṣù kẹfà pé ojú ìwé 31 dúdú jù.

## Ta ni kó yan èwo

Bí iṣẹ́ rẹ bá ti parí, tó jẹ́ pé títẹ̀ tàbí ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ló ń gba owó, tí o sì ti ní àwọn tó mọ̀ ọ́, dá owó jọ, kí o sì fi oṣù mẹ́ta kún ọjọ́ tí o rò pé yóò pé. Bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ èyí tí kì í parí, bíi lẹ́tà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ́ orin tàbí àwòrán ẹ̀fẹ̀, owó oṣooṣù ló bá ọ mu. Ṣùgbọ́n má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí o fi ti ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà láìfò, nítorí ìwọ fúnra rẹ ni àkókò yẹn wà láti dán wò. Ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn tó fi ń jẹun, tí ohun tó ń ṣe sì jẹ́ odidi kan tí kò ṣeé gé sí ìpín, lè parí ní ìdákẹ́jẹ́ bíi Barone, kó máa fi ibi tó dé hàn láìgba owó.

Ẹni tí kò tíì ní ẹnì kankan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù, òun náà ni ariwo máa ń tàn jẹ jù. Fífi hàn díẹ̀díẹ̀ ni mo yàn fún un. Kó gé iṣẹ́ rẹ̀ sí ìpín méjìlá, kó dá ọjọ́ kan, kó fi ìkọ̀ọ̀kan síta lọ́jọ́ náà, kó sì fi ibi tí ènìyàn ti lè fi ímeèlì sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kó má wo iye àwọn tó tẹ àmì ìfẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìpín kejìlá, kó kọ lẹ́tà kúkúrú sí gbogbo orúkọ tó bá wà nínú àkójọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ 60, kó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bíi èwo nínú ìpín méjìlá náà ni wọ́n fi han ẹlòmíràn, kó sì ka iye àwọn tó dáhùn. Bí 20 bá dáhùn, kó gbé ìwé kékeré jáde fún àwọn 20 yẹn. Bí méjì bá dáhùn, kó bẹ̀rẹ̀ ìpín kẹtàlá, kó sì kọ lẹ́tà tí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀.